Àárẹ̀ tí kì í tán: ẹ bi ìyá yín léèrè

Irú obìnrin yìí pọ̀ ládùúgbò wa, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ka ìwé ìròyìn yìí náà ni. Ó sùn, ó jí, síbẹ̀ ó rẹ̀ ẹ́. Àwọn èèyàn ń làágùn nínú ọkọ̀, òun ní òtútù ń mú òun. Kò jẹun ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó ṣáà ń sanra sí i. Irun orí ẹ̀ ń já, kò rí ìgbẹ́ yà dáadáa, nǹkan oṣù ẹ̀ ń dà bí omi ẹ̀rọ. Ọkọ ní ọ̀lẹ ni, ìyá ọkọ ní kí wọ́n tètè gbé e lọ sọ́dọ̀ wòlíì. Kò sẹ́ni tó bi í pé, “Kí ló ṣe ìyá tìẹ náà nígbà tí wọ́n wà lọ́jọ́ orí yìí?”

Bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Kókó kékeré kan wà níwájú ọrùn wa tó rí bíi labalábá, tàíróòdì ni wọ́n ń pè é. Òun ló ń sọ fún ara bó ṣe máa yára ṣiṣẹ́ tó. Tí kò bá ṣiṣẹ́ tó mọ́, gbogbo ara ló máa falẹ̀. Àìtó ayodíìnì lè fà á, òun náà ló ń fa gẹ̀gẹ̀. Ṣùgbọ́n níbi tí ayodíìnì bá ti tó, èyí tó wọ́pọ̀ jù ni èyí tí dókítà ará Jàpáàn kan, Hakaru Hashimoto, kọ nípa ẹ̀ lọ́dún 1912: àwọn ọmọ ogun tó yẹ kó gbèjà ara ló ń bá tàíróòdì jà. Obìnrin ló sì ń ṣe jù.

Ṣé àjogúnbá ni? Àwa tá a mọ ìbejì, ẹ gbọ́ èyí. Wọ́n yẹ àwọn ìbejì wò ní Denmark, èsì ẹ̀ jáde lọ́dún 2000. Láàárín àwọn tó jọra bí ìmùmù, bí ọ̀kan bá ní in, èkejì náà ní in lọ́nà tó lé díẹ̀ ní ìdajì. Láàárín àwọn tí kò jọra bẹ́ẹ̀, wọn ò rí ẹyọ kan. Ìdílé wà ńbẹ̀ nìyẹn. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ìdílé nìkan ni, ṣebí gbogbo àwọn tó jọra ni ì bá jọ ní in? Kò rí bíi ti AS àti SS tẹ́ ẹ̀ ń yẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó ṣègbéyàwó. Jíìnì púpọ̀ ló ń pawọ́ pọ̀, oníkálukú ń dá tiẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ló ń tètè tú àṣírí. Ní Whickham, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ogún ọdún ni wọ́n fi ń tọ àwọn ará ìlú lẹ́yìn, wọ́n gbé èsì jáde lọ́dún 1995. TSH ni iṣẹ́ tí kókó kan nísàlẹ̀ ọpọlọ ń rán sí tàíróòdì. Bí tàíróòdì bá ń dẹwọ́, TSH á ga. Obìnrin tí TSH ẹ̀ ti ga, tí wọ́n sì tún bá àwọn ọmọ ogun oníjà yẹn lára ẹ̀, nínú 100, nǹkan bíi 55 ló ní àìsàn náà láàárín ogún ọdún. Àwọn tó ní ọmọ ogun nìkan, nǹkan bíi 27. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe gbogbo wọn?

Torí náà, bí ìyá yín tàbí ẹ̀gbọ́n yín bá ti ṣe é rí, ẹ sọ fún dókítà, kẹ́ ẹ ní kí wọ́n bá yín yẹ TSH wò. Kì í ṣe gbogbo àárẹ̀ ni tàíróòdì o, àìtó ẹ̀jẹ̀ náà wà ńbẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lóyún, ẹ má dúró dìgbà tí ikùn bá yọ, torí tàíróòdì ìyá ni ọpọlọ ọmọ inú ń gbára lé níbẹ̀rẹ̀. Tí wọ́n bá rí i, oògùn wà: levothyroxine, lójoojúmọ́, láìjẹun. Ẹ má fi àgbo rọ́pò ẹ̀, ẹ má sì dá a dúró torí pé ara ti yá.

Tẹ́ ẹ bá délé lálẹ́ òní, kẹ́ ẹ tó sọ pé ilé ọkọ ló ń ṣe yín, ẹ kọ́kọ́ bi ìyá yín léèrè. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.