Kí Ojú Ẹnìkan Tó Pọ́n: Lẹ́tà Gbangba lórí Ṣíṣọ́ Ẹ̀fọn àti Ẹyẹ ní Gúúsù Èkìtì

Ọ̀dọ̀ àwọn tí ètò ìlera, ètò ọ̀gbìn àti ìmọ́tótó àyíká Ìpínlẹ̀ Èkìtì wà ní ìkáwọ́ wọn ni lẹ́tà yìí ń lọ, pẹ̀lú àwọn alága ìjọba ìbílẹ̀ Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀/Ọ̀rún àti Emùré, àti àwọn olùkọ́ ìmọ̀ ohun abẹ̀mí ní Yunifásítì Bamidele Olumilua tó wà ní Ìkẹ́rẹ́. Ẹ̀sùn inú rẹ̀ kò ṣòro láti sọ: bí nǹkan ṣe rí lónìí, ara ènìyàn ni wọ́n fi ń ṣe tàkúté láti mọ̀ pé fáírọ́ọ̀sì tí ẹ̀fọn ń gbé kiri ti wọ ìlú. Fáírọ́ọ̀sì ni ohun tíntìntín tí ojú lásán kò lè rí, tí kò sì lè bí sí i àfi tó bá ráyè wọ inú ara ohun abẹ̀mí mìíràn. Nígbà tí ẹni tó kó o bá fi máa dé ilé ìwòsàn, tí ojú rẹ̀ ti pọ́n, tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ náà sì rin ìrìn àjò tirẹ̀ dé yàrá ìwádìí, ẹ̀fọn tó jẹ ẹ́ ti lè kú, ṣùgbọ́n àwọn tó jogún iṣẹ́ rẹ̀ ti kún inú táyà gbogbo àdúgbò.

Ẹ̀fọn kì í ṣe oríṣi kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ kan náà ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Anopheles, tó ń gbé ibà wá, omi tó mọ́ díẹ̀ tí oòrùn ń tàn sí ló fẹ́ràn láti yé sí, òru ló sì ń jẹni. Culex ní tirẹ̀ kò kórìíra ìdọ̀tí. Gọ́tà tí kò ṣàn àti sọ́kàwéè tó ti là ni ilé rẹ̀, ó sì ń jẹ ẹyẹ, ó ń jẹ ènìyàn. Aedes, tó ní àmì funfun tótòtó lẹ́sẹ̀, ojúmọmọ ló ń jẹni. Inú táyà, agolo, àmù àti ihò igi ló ń yé sí, òun náà ló sì ń gbé fáírọ́ọ̀sì ibà pọ́njú, ti dẹ́ńgì, ti Zika àti ti chikungunya kiri. Ṣùgbọ́n ní orílẹ̀-èdè yìí, owó tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún gbígbógun ti ibà ló ń gbé ọ̀pọ̀ jù lọ ìwádìí ẹ̀fọn ró, nítorí náà ara Anopheles ni ojú wà.

Ẹni tó bá wo bí wọ́n ṣe ń kó ẹ̀fọn inú yàrá yóò rí ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, wọn a tẹ́ aṣọ funfun bo ilẹ̀ àti orí bẹ́ẹ̀dì, wọn a ti fèrèsé, wọn a fín oògùn, wọn a sì dúró bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà ni wọn a rọra ká aṣọ náà jáde síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, tí wọn a fi ẹ̀mú kékeré ṣa ohun tó já lulẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Anopheles a wọ inú ìgò kékeré tó ní èròjà afàmi, kó lè gbẹ. Culex, tó sábà máa ń pọ̀ lórí aṣọ náà, wọn a kà á, bí wọ́n bá kà á rárá, wọn a sì gbọ̀n ọ́n dànù. Aedes kì í sábà pọ̀ níbẹ̀, nítorí púpọ̀ nínú ẹ̀yà rẹ̀ ló jẹ́ ará ìta. Gbígbẹ tí wọ́n gbẹ ẹ̀fọn yìí kò ba àyẹ̀wò ibà jẹ́, ṣùgbọ́n fáírọ́ọ̀sì kì í fara da ooru bẹ́ẹ̀: ẹni tó bá fẹ́ rí i láàyè nínú ẹ̀fọn gbọ́dọ̀ fi yìnyín tọ́jú ẹ̀fọn náà láti ìgbà tó ti mú un. Ohun tí wọ́n ń gbọ̀n dànù lórí aṣọ yẹn gan-an ni lẹ́tà yìí ń béèrè fún.

Iṣẹ́ yìí kò ṣàjèjì sí Èkìtì. Àwọn àgbà ṣì rántí wolé-wolé, òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó tó máa ń wọ agbolé láìsọ tẹ́lẹ̀, tí ń ṣí àmù wò bóyá tánwíjí wà nínú rẹ̀, ìyẹn ọmọ ẹ̀fọn tó ṣì ń gbé inú omi, tó ń jó lọ sókè jó lọ sódò. Àwọn ènìyàn kò fẹ́ràn wolé-wolé, owó ìtanràn rẹ̀ sì korò, ṣùgbọ́n òdiwọ̀n tí wọ́n ń pè ní Breteau, tí àwọn onímọ̀ ibà pọ́njú ń lò kárí ayé, kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí iṣẹ́ rẹ̀: kí wọ́n wọ ilé 100, kí wọ́n ka iye ohun èlò olómi tí tánwíjí Aedes wà nínú wọn. Bí iye náà kò bá tó 5, ó ṣòro kí ibà pọ́njú ráyè tàn nígboro. Bí ó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, ewu ti ń bọ̀. Ibà pọ́njú tó jà ní àwọn ìlú Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní ọdún 1987, Aedes ìgboro ló tàn án, kì í ṣe ti inú igbó. Ẹnikẹ́ni tó bá gba iwájú ṣọ́ọ̀bù fọganáísà kọjá ní Ìkẹ́rẹ́ lẹ́yìn òjò, tó sì yọjú wo inú táyà tí wọ́n tò jọ, kò nílò ẹ̀rọ kankan láti mọ ibi tó yẹ kí kíkà náà ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ti ilé ìwòsàn, ìlànà ni pé kí ara ẹni gbóná lójijì, kí ojú rẹ̀ sì pọ́n láàárín ọjọ́ 14, kí wọ́n tó fura sí ibà pọ́njú. Àmọ́ ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó kó fáírọ́ọ̀sì náà, ojú wọn kì í pọ́n rárá. Èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ kò ran ọ̀ràn yìí lọ́wọ́, nítorí ibà ni orúkọ gbogbo ara gbígbóná. Ẹni tí ara rẹ̀ bá gbóná ní Emùré, ilé kẹ́míìsì ló sábà máa ń kọ́kọ́ yà, oògùn ibà ni wọn a sì tà fún un. Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2017, ọmọdébìnrin kan ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn, ní Ìpínlẹ̀ Kwara tó bá Èkìtì pààlà, ni ara rẹ̀ fi han orílẹ̀-èdè pé ibà pọ́njú ti padà dé. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, àwọn ènìyàn ti ń kú ní Ìpínlẹ̀ Ẹdó kí ibùdó ìwádìí ACEGID ní Yunifásítì Redeemer's, Ẹdẹ, tó bá wọn fi ẹ̀rọ ka àbùdá ohun tó ń pa wọ́n, tó sì rí i pé ibà pọ́njú ni. Iṣẹ́ náà yára, ó sì yẹ ní yíyìn. Síbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ aláìsàn ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan gúúsù Èkìtì jù lọ ni igbó ọba Ìsẹ̀. Ìnàkí ṣì wà nínú igbó náà, ọ̀bọ wà níbẹ̀, oko kòkó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yí i ká. Nínú irú igbó bẹ́ẹ̀ ní Áfíríkà, orí igi ni ibà pọ́njú ń gbé, láàárín ọ̀bọ àti ẹ̀fọn Aedes africanus tí kì í fẹ́ sọ̀ kalẹ̀; bí àwọn agégẹdú bá wó igi, ẹ̀fọn náà lè bá igi wá sílẹ̀. Èyí túmọ̀ sí pé tàkúté tí wọ́n gbé sí ìdí igi kò ní sọ òtítọ́ nípa ohun tó ń lọ lókè. Àwọn onímọ̀ tó ṣiṣẹ́ ní igbó Zika, lẹ́bàá Entebbe ní Ùgáńdà, mọ èyí: wọ́n gbé ọ̀bọ sínú àgò lórí pèpéle tí wọ́n kàn mọ́ igi, ara ọ̀bọ náà ni wọ́n sì ti rí fáírọ́ọ̀sì Zika ní ọdún 1947, tí wọ́n tún rí i lára Aedes africanus ní ọdún 1948, kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ ọ́n sí àìsàn ènìyàn. Ìbàdàn pàápàá ti ṣe irú rẹ̀ rí. Láàárín ọdún 1964 sí 1970, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn, pẹ̀lú owó Rockefeller Foundation, ń yẹ ẹ̀fọn, ẹyẹ, eégbọn àti ẹran ọ̀sìn wò. Ara eégbọn màlúù ni wọ́n ti rí fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n sọ ní Dùgbẹ̀, ara asín ni wọ́n sì ti rí Mókólá. Ìran tó fi orúkọ àdúgbò Ìbàdàn sínú ìwé ìmọ̀ ayé ló tún wá jókòó báyìí de ẹni tí ojú rẹ̀ yóò pọ́n.

Ti ẹyẹ ló tún burú jù. Láti ìgbà tí àrùn ẹyẹ tí wọ́n ń pè ní H5N1 ti kọ́kọ́ dé Áfíríkà ní ilé iṣẹ́ adìyẹ kan ní Jàjí, Ìpínlẹ̀ Kàdúná, ní oṣù kejì ọdún 2006, àrùn náà ni wọ́n ń wá lára ẹyẹ, wọn kì í sábà wá fáírọ́ọ̀sì tí ẹ̀fọn ń gbé. Bẹ́ẹ̀ ẹyẹ ni ilé fáírọ́ọ̀sì West Nile, tí wọ́n kọ́kọ́ rí ní Ùgáńdà ní ọdún 1937, àti ti ìbátan rẹ̀, Usutu. Culex ló ń gbé e láti ara ẹyẹ kan dé ara òmíràn, tó sì ń ṣèèṣì gbé e fún ènìyàn. Nínú ènìyàn 10 tó bá kó West Nile, bí 8 kì í mọ ohunkóhun lára. Àwọn yòókù a ní ara gbígbóná tí wọn yóò pè ní ibà. Kò sì tó ẹnìkan nínú 100 tí fáírọ́ọ̀sì náà yóò dé ọpọlọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ti ẹni bẹ́ẹ̀ kì í ṣe eré.

Ìkìlọ̀ kan wà níbí fún àwọn tó fẹ́ràn láti da ètò Amẹ́ríkà kọ. Nígbà tí West Nile dé New York ní ọdún 1999, kannakánná ló ń já lulẹ̀ kú, òkú ẹyẹ sì di àmì. Ẹyẹ ilẹ̀ yìí ti bá fáírọ́ọ̀sì náà gbé pẹ́, kì í sábà pa wọ́n. Bí adìyẹ bá kú rẹpẹtẹ ní Ọ̀rún, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ lúkúlúkú. Ẹ̀jẹ̀ ẹyẹ tó wà láàyè ló yẹ kí wọ́n yẹ̀ wò. Lékèélékèé, tó ń dé pẹ̀lú ẹ̀ẹ̀rùn, tí àwọn ọmọdé ń na ọwọ́ sí pé kó fún àwọn ní èékánná funfun, orí igi kan náà ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń sùn pọ̀, ó sì ń ti ìhà òkè ọya bọ̀. Àwọn tí ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹyẹ APLORI ní Jos ń kọ́ mọ bí wọ́n ṣe ń fi àwọ̀n mú irú ẹyẹ bẹ́ẹ̀, tí wọn a fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀, tí wọn a sì tú u sílẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tìtorí lẹ́tà yìí bẹ̀rẹ̀ sí í sọ òkò lu lékèélékèé. Kò mọ̀ pé òun gbé ohunkóhun.

Èyí tó rọrùn jù ni adìyẹ olùṣọ́. Ọmọ adìyẹ tí ara rẹ̀ kò tíì mọ fáírọ́ọ̀sì West Nile, mẹ́fà sí mẹ́wàá ní ojú kan, létí odò Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ tàbí lẹ́yìn ọjà, ni wọn yóò máa fa ẹ̀jẹ̀ wọn lábẹ́ apá ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Bí ẹ̀fọn tó ní fáírọ́ọ̀sì bá jẹ wọ́n, ẹ̀jẹ̀ wọn yóò mú èròjà ajàrùn jáde tí àyẹ̀wò lè rí, bẹ́ẹ̀ fáírọ́ọ̀sì kì í pọ̀ nínú adìyẹ débi tí ẹ̀fọn mìíràn yóò fi kó o. Ìnáwó rẹ̀ kò tó nǹkan, bí wọ́n bá fi adìyẹ náà sọ́wọ́ ẹni tí kò ní fi se ọbẹ̀ Kérésìmesì.

Àwáwí pé kò sí iná mànàmáná tí yóò mú kí yìnyín dì náà ti tán. Ní Ọsirélíà, wọ́n ti fi hàn pé ẹ̀fọn tó wọ tàkúté yóò mu oyin tí wọ́n fi rẹ páálí kan tó ní èròjà apamọ́, itọ́ rẹ̀ yóò kù sórí páálí náà, àmì fáírọ́ọ̀sì kò sì ní bàjẹ́ níbẹ̀ láìsí yìnyín. Akẹ́kọ̀ọ́ Ìkẹ́rẹ́ lè gbé e, yàrá ìwádìí Ẹdẹ kò sì jìnnà. Ẹ̀fọn sì lè sọ̀rọ̀ ṣáájú ènìyàn: Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kéde ní oṣù karùn-ún ọdún 2025 pé àwọn rí àmì West Nile lára ẹ̀fọn tí wọ́n mú ní Nottinghamshire ní ọdún 2023, láìsí ẹnìkan tó ti kó o lórílẹ̀-èdè náà. Ní ti oògùn tí wọ́n ń fín káàkiri ìgboro lẹ́yìn tí ènìyàn ti kú, pẹ̀lú ayàwòrán lẹ́gbẹ̀ẹ́, ayàwòrán ló ń jèrè rẹ̀ jù.

Kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀ ní oṣù kẹta ni kí wọ́n ti gbé páálí olóyin àkọ́kọ́ sí etí igbó ọba Ìsẹ̀, ọ̀kan nísàlẹ̀, ọ̀kan lórí igi, kí wolé-wolé sì ti ka táyà àti àmù ilé 100 ní Ìkẹ́rẹ́ àti ní Emùré. Èsì rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ òfo, kí wọ́n kọ ọ́ ní èdè Yorùbá, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ìjọba ìbílẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n gbé páálí síbẹ̀ àti ọjọ́ tí wọ́n kó o.