Ilé-Ìwé Kì í Ṣe Ibùdókọ̀

Ọ̀rọ̀ kan wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ wa tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì, ó sì yẹ kí àwa àgbà dá wọn lẹ́kun rẹ̀. Bí a bá bi wọ́n pé iṣẹ́ wo ni wọ́n ń ṣe lọ́wọ́, wọn a ní, "Mo ṣì ń kọ́ àwọn ọmọ kan ní ìwé ná, kí iṣẹ́ gidi tó dé." Ẹ gbọ́, ẹ̀yin ènìyàn wa! Iṣẹ́ gidi kò tí ì dé, ṣùgbọ́n ogójì ọmọ jókòó níwájú ẹni tí ń retí rẹ̀. Ọdún kan péré ni àwọn ọmọ náà ní láti lò ní kíláàsì yẹn. Bí ó bá fi ṣòfò mọ́ wọn lọ́wọ́, ta ni yóò dá a padà fún wọn?

Àṣà yìí kò ṣẹ̀yìn àìní. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, iye ọmọ tí ó wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fò láti 456,600 ní ọdún 1954 sí 811,432. A kì í gbin olùkọ́ lónìí kí a kórè rẹ̀ lọ́la. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ àwọn tí wọn kò tí ì kọ́ iṣẹ́ náà rárá ni a rọ́ wọ kíláàsì. Èmi kò bá àwọn ìjọba ìgbà náà wí, nítorí pé ọmọ kò lè dúró de olùkọ́ ní ìta. Ṣùgbọ́n ohun tí a ṣe nítorí àìní nígbà náà ti di àṣà mọ́ wa lára. Ètò àgùnbánirọ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1973 àti N-Power ti ọdún 2016 rán ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ lọ kọ́ni, tí wọn kò fi ìgbà kan rí bẹ̀bẹ̀ fún un. Àwọn kan nínú wọn bá iṣẹ́ ayé wọn pàdé níbẹ̀, mo sì mọ̀ wọ́n. Àwọn mìíràn ka ọjọ́ títí ó fi pé.

Kì í ṣe àgbọ́sọ ni mo ń sọ. Láìpẹ́ yìí ni ojúlùmọ̀ mi kan, tí ó jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìbàdàn, bẹ̀ mí pé kí n di ìpele karùn-ún mú fún ọjọ́ kan ṣoṣo, nítorí pé olùkọ́ wọn lọ sin ìyá rẹ̀. Ìwé owó ni mo fi ọjọ́ ayé mi kọ, nọ́ńbà kò sì bà mí lẹ́rù. Ìdá ni ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà. Mo kọ ọ́ sí ara pátákó, mo ṣe àlàyé, ọmọbìnrin kan sì dìde lẹ́yìn ó ní, "Sà, ẹ jọ̀ọ́, mẹ́rin pọ̀ ju méjì lọ. Kí ló dé tí ìdá kan nínú mẹ́rin wá kéré sí ìdá kan nínú méjì?"

Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni. Ọ̀nà mẹ́ta ni mo gbà dá a lóhùn, gbogbo rẹ̀ ni ó sì tọ̀nà, ṣùgbọ́n ojú ọmọ náà kò là. Ògiri àárín kíláàsì méjèèjì kò ga. Olùkọ́ kejì, ọ̀dọ́mọbìnrin kan báyìí, gbọ́ wa, ó wọlé, ó kúnlẹ̀ tọrọ ààyè lọ́wọ́ mi, ó sì rán ọmọ kan lọ ra ìrèké méjì tí ó gùn dọ́gba. Ó gé ọ̀kan sí méjì, ó gé èkejì sí mẹ́rin, ó mú ẹyọ kọ̀ọ̀kan lára wọn, ó sì bi ọmọ náà pé, "Bí ebi bá ń pa ọ́, èwo ni wàá mú?" Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ náà nawọ́ sí èyí tí ó gùn, ó sì jókòó bí ẹni tí a san gbèsè fún.

Mo lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé ìṣirò tí mo mọ̀ ju ti ọ̀dọ́mọbìnrin yẹn lọ. Ṣùgbọ́n pátákó ni èmi ń wò, ojú ọmọ ni òun ń wò, ojú sì ni ọ̀rọ̀ wà. Àwọn ènìyàn a máa sọ pé sùúrù ni iṣẹ́ olùkọ́ ń fẹ́. Mo ní sùúrù tó. Ohun tí ó ń fẹ́ ni kí ó máa wu ènìyàn láti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti dojú rú nínú ọkàn ọmọ ẹlòmíràn, ní ojoojúmọ́, láìsú u. Kí agogo ìparí tó lù ni mo ti mọ̀ pé ìwé owó ni iṣẹ́ mi, ìyẹn kò sì dùn mí.

Àwọn tí ó dá ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ sílẹ̀ ní ilẹ̀ wa mọ nǹkan yìí. Ní St. Andrew's, tí ó ti wà ní Ọ̀yọ́ láti ọdún 1896, ilé-ìwé àwọn ọmọdé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń fi iṣẹ́ náà dánra wò. Níbẹ̀ ni D. O. Fágúnwà ti kọ́ni láti ọdún 1930 títí di 1939. Ìdánrawò ṣì wà ní àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ títí di òní, ṣùgbọ́n ó máa ń dé nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ ti rìn jìnnà, tí àwọn òbí ti náwó tán. Ta ni yóò yí padà níbẹ̀? Òfin ọdún 1993 tí ó dá ìgbìmọ̀ ìforúkọsílẹ̀ olùkọ́ sílẹ̀ ń béèrè ìwé ẹ̀rí. Ó dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n èmi pàápàá ní ìwé ẹ̀rí ìṣirò.

Àwọn kan yóò ní owó ni ìṣòro, kì í ṣe yíyẹ. Òtítọ́ wà níbẹ̀. Èyí tí a máa ń sọ pé èrè olùkọ́ ń bẹ ní ọ̀run, ọ̀rọ̀ ìrẹ́jẹ ni. Ọjà ayé ni olùkọ́ ti ń ra gaàrí. Bí a bá ń jẹ wọ́n ní owó oṣù, irú ọ̀dọ́mọbìnrin onírèké yẹn ni yóò kọ́kọ́ bá ilé ìfowópamọ́ lọ, ẹni tí kò yẹ ni yóò sì ṣẹ́kù fún wa.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí ìgbìmọ̀ tí ń gba àwọn olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan kò tóbi. Kí ẹnikẹ́ni tó wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́, kí a tó sì fún ẹnikẹ́ni ní ìwé ìgbanisíṣẹ́, kí ó lo ọ̀sẹ̀ méjì nínú kíláàsì lábẹ́ olùkọ́ àgbà, kí olùkọ́ náà kọ èrò rẹ̀ sílẹ̀ nípa rẹ̀, kí a sì ka ohun tí ó kọ. Àwọn tí ó ti wà nínú iṣẹ́ tí kò sì yẹ wọ́n, kí a wá àyè fún wọn ní ọ́fíìsì láìgé owó wọn. Kò sí ìtìjú níbẹ̀: Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ kọ́ni rí, ó ṣe akọ̀wé, ó ṣòwò, kí ó tó di lọ́yà ní ọdún 1946. Bí ìgbìmọ̀ bá sì ní àkókò kò sí, kí wọn fi ìpele karùn-ún kan bẹ̀rẹ̀ ní ọdún ẹ̀kọ́ tí ń bọ̀.