Owó férémù ni kí ẹ san, ẹ yé sanwó ọ̀dà

Ẹ̀yin ọmọ Káàárọ̀-oò-jíire tó wà ní Warri, Effurun, Ekpan àti Udu, ọ̀rọ̀ básíkù la gbé wá lónìí. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, ọ̀rọ̀ owó ni, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí sì ni.

Ká kọ́kọ́ là á yé ara wa, torí pé béèyàn bá ti pe kẹ̀kẹ́ níbí, Màrúwá ni gbogbo ayé ń rò. Básíkù onípẹ́dà là ń sọ, èyí tí wọ́n ń pè ní mountain bike, tó ní táyà gbẹ̀ǹgbẹ̀. Nínú wọn, èyí tó ní ṣọ́ọ̀kì níwájú nìkan, tí ẹ̀yìn rẹ̀ le gbagidi, òun ni wọ́n ń pè ní hardtail. Òun gan-an la fẹ́ kí ẹ máa rà.

Gbogbo wa la mọ ohun tó gbé wa débí. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní òpin oṣù karùn-ún 2023, epo tó wà ní nǹkan bí 185 náírà lítà kan fò kọjá 500 láàárín ọjọ́ mélòó kan. Kí ọdún 2024 tó parí, ó ti lé ní 1,000. Owó Màrúwá náà ò jókòó. Ọmọ tó ń gbé Orhuwhorun, tó ń kọ́ṣẹ́ lẹ́bàá Enerhen Junction, ẹ bá wa ṣírò owó ọkọ̀ rẹ̀ lóṣù, ẹ wá fi wé ohun tí ọ̀gá ń fún un. Ìdí rèé tí ọ̀pọ̀ ilé láàárín wa fi ń ra básíkù fọ́mọ. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ohun tí à ń rà ló ń kọ wá lóminú.

Ilé kan láàárín wa ra ọ̀kan lọ́dún tó kọjá. Ó ń dán yinrin, ṣọ́ọ̀kì níwájú, ṣọ́ọ̀kì lẹ́yìn, ìlà pupa lára dúdú. Ohun tá à ń pè ní tòkúnbọ̀ nílé, Belgium ni wọ́n ń pè é níbí, ẹni tó tà á sì ń búra: "Na original Belgium be this!" Oṣù mẹ́ta ò pé, ọmọ náà wọ kòtò tí omi bò mọ́lẹ̀ lójú ọ̀nà Jakpa, ọrùn férémù sì kán. Eyín méjì ló bá a lọ. Nígbà tá a gbé ibi tó kán yẹ̀ wò, inú rẹ̀ ti dógùn-ún tipẹ́. Ó ti là tẹ́lẹ̀, wọ́n fi fílà àwọn pánẹ́ẹ̀lì-bítà dí i, wọ́n wá kun ọ̀dà tuntun lé e lórí. Ọ̀dà la sanwó fún.

Èrò tiwa nìyí: férémù ni básíkù. Táyà á jẹ, ṣéènì á fà, bíréèkì á tán, gbogbo ìyẹn la lè máa pààrọ̀ díẹ̀díẹ̀ bówó bá ṣe ń wọlé. Férémù tí ò dáa, kò sóhun tá a máa kàn mọ́ ọn tí yóò dáa. Tówó bá kéré, ibẹ̀ ló yẹ kó lọ jù.

Ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn yẹn ńkọ́? Ẹ fi sílẹ̀ jàre. Èyí tó dáa níbẹ̀ wọ́n gan-an, èyí tí apá wa sì ká, ó wúwo, oríkèé rẹ̀ tètè ń jẹ, a ò sì ní tètè rí ohun tá a máa fi pààrọ̀ rẹ̀. Bọ́mọ bá ń fẹsẹ̀ tì í, díẹ̀ lára agbára rẹ̀ á kàn máa mì sókè mì sílẹ̀ ni. Hardtail ò ní oríkèé kankan lẹ́yìn. Ohun tí ò sí ò lè bàjẹ́.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ irin àti àlùmíníọ̀mù, ibí yìí lẹnu wa ò ti kò. Àwọn kan nínú wa ní àlùmíníọ̀mù ni, nítorí òjò. Wọn ò jayò pa, òjò Warri kì í ṣeré, àlùmíníọ̀mù kì í sì í dógùn-ún bíi ti irin. Ó tún fúyẹ́, ó lè fi bíi kílò kan fúyẹ́ ju irin lọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìlú tá a wà. Ìlú àwọn jórinmọ́rin ni. Láti 1973 ni PTI ti wà ní Effurun, ilé ìfọpo Ekpan bẹ̀rẹ̀ ní 1978, ta ni ò ní wẹ́dà ládùúgbò? Bí férémù irin bá là, wẹ́dà tọ́wọ́ rẹ̀ mọ́ á jó o, ọmọ á tún gùn ún. Àlùmíníọ̀mù gba gáàsì àti ẹ̀rọ mìíràn. Kódà bí wọ́n bá rí i jó, iná yẹn á ti sọ ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀ di rírọ̀, àfi tí wọ́n bá tún gbé gbogbo rẹ̀ sínú ààrò tó ní ìwọ̀n. Ta ló máa ṣèyẹn nítorí básíkù? Ní tiwa, tówó ò bá pọ̀, irin ni. Ẹ da òróró díẹ̀ sínú ihò ọ̀pá ìjókòó, kẹ́ ẹ sì dojú ẹ̀ délẹ̀ lẹ́yìn òjò kómi lè jáde. Irin ṣáà ni Raleigh tí wọ́n ń kó wá láti Nottingham táwọn bàbá wa gùn. Àwọn tó bẹ̀rẹ̀ eré mountain bike pàápàá, ní Marin County, California, láàárín 1970 sí 1980, básíkù irin àlòkù ni wọ́n kó gun òkè.

Bẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ mú òòfà dání. Ẹ fi rìn lára irin náà. Ibi tí kò bá ti mú dáadáa, fílà ló wà níbẹ̀. (Kò ṣiṣẹ́ fún àlùmíníọ̀mù o, ojú lẹ máa fi wo ìyẹn.) Ẹ fi àkísà nu ọrùn, abẹ́ ibi tí pẹ́dà wà, àti ibi tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ti wọlé, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń là. Ihò tí ọ̀pá pẹ́dà gbà kọjá, kó ní ojú yíyí bíi ti nọ́ọ̀tì, nítorí èyí tí wọ́n kàn tẹ̀ wọlé máa ń fún mẹkáníìkì wa níṣòro. Ẹ̀yìn rẹ̀, kó jẹ́ 135 mílímítà, kó gba táyà 26, torí pé 26 la máa ń tètè rí táyà àti túùbù rẹ̀ rà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé ra férémù ńlá pé ọmọ á dàgbà bá a. Kì í ṣe yunifọ́ọ̀mù. Ẹ ní kọ́mọ la ẹsẹ̀ méjèèjì dúró sórí ọ̀pá òkè, kí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ tẹlẹ̀ pátá, kí àlàfo ìka mẹ́ta ó kéré tán sì wà láàárín òun àti ọ̀pá náà. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ọjọ́ tó bá fẹ́ dúró lójijì níwájú tírélà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò ní kanlẹ̀.

Ẹ má ná gbogbo owó tán lọ́dọ̀ oníBelgium. Ẹ ṣẹ́ díẹ̀ kù fún bíréèkì tuntun àti akoto. Ẹ gba rìsíìtì, kí nọ́ńbà abẹ́ férémù wà nínú rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa dá ọmọ dúró lọ́nà pé ó jí i. Bẹ́ ẹ bá sì máa lọ, ọ̀sán ni kẹ́ ẹ lọ. Lábẹ́ iná, gbogbo ọ̀dà ló ń dán.