Ilé Àdúrà Àtijọ́: Kí Ni Kí A Fi Ṣe?

 

Ẹnu ọmọdé ni a ti gbọ́ ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí. Ní ìjọ kékeré kan ní agbègbè wa, ní ìhà Igolo, àwọn onígbàgbọ́ ti kọ́ ilé àdúrà tuntun onísìmẹ́ńtì. Ti àtijọ́, èyí tí àwọn baba wọn fi amọ̀ mọ, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òjò sì ti ń wọ inú rẹ̀. Oníṣòwò kan wá, ó ní òun fẹ́ háyà rẹ̀, kí òun máa kó kpayo tí ń bọ̀ láti òdìkejì ibodè àti ìrẹsì tí ń lọ síbẹ̀ pamọ́ sí i. Owó tí ó dá kò kéré. Àwọn kan ní kí a gbà á, àwọn kan ní kí a wó ilé náà kúrò nílẹ̀. Kí a má parọ́, àwa náà wà lára àwọn tí ó ní kí a wó o.

Lọ́jọ́ katekísì, ọmọbìnrin kan na ọwọ́ sókè, ó ní: "Bàbá Katekísì, ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe ìrìbọmi fún ìyá ìyá mi. Ṣé Ọlọ́run ti kó jáde níbẹ̀ ni?" A kò rí èsì fọ̀ lójú ẹsẹ̀. A ní kí ó jókòó, a ní a ó dá a lóhùn lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀.

Nígbà tí a délé, ọkàn wa lọ sí Ouidah, nítorí pé ilé Ọlọ́run kan wà níbẹ̀ tí ìtàn rẹ̀ lè là wá lójú. Ní 1721 ni àwọn Potogí kọ́ odi wọn síbẹ̀, wọ́n sì fi orúkọ Jòhánù Mímọ́ Onítẹ̀bọmi pè é. Ilé àdúrà kékeré wà nínú odi náà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́ fún àwọn ọmọ wa: odi òwò ẹrú ni. Àwọn tí ń kúnlẹ̀ níwájú pẹpẹ ni ń fi tábà Bahia ra ọmọ ènìyàn, tí wọ́n ń kó wọn sọdá òkun lọ sí Brazil. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá wà nínú wọn. Nígbà tí àwọn kan nínú wọn àti àwọn ọmọ wọn padà wálé, Àgùdà ni a pè wọ́n, orúkọ yìí kan náà ni a sì fi ń pe Ìjọ wa di òní. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé láti ara Ajudá, orúkọ tí àwọn Potogí ń pe Ouidah, ni ó ti wá.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1861, Fadá Francesco Borghero, ará Ítálì, àti Fadá Francisco Fernandez, ará Sípéènì, gúnlẹ̀ sí Ouidah. Fadá Míṣọ́n Áfíríkà ti Lyon ni wọ́n. Olùdásílẹ̀ ẹgbẹ́ wọn, Bíṣọ́ọ̀bù Melchior de Marion Brésillac, ti kú ní Freetown ní 1859, kò tó oṣù méjì tí ó débẹ̀. Inú odi Potogí ni àwọn Fadá méjèèjì wọ̀ sí. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń rú Ẹbọ Mísà, níbẹ̀ ni wọ́n sì ti ṣí ilé ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọkùnrin. Ẹ wo iṣẹ́ Ọlọ́run! Ọgbà tí a ti ń ka ọmọ ènìyàn bí ẹrù di ọgbà tí a ti ń kọ́ ọmọ ènìyàn ní ìwé.

Nígbà tó yá, àwọn Potogí padà wá gba odi wọn, àwọn Fadá sì kó jáde. Ní 1961, lẹ́yìn òmìnira, ìjọba Dahomey ní kí àwọn Potogí fi odi náà sílẹ̀. Kí aṣojú wọn tó lọ, ó ti iná bọ ilé. Ṣùgbọ́n ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i: ní 1967 odi náà di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, kí àwọn ọmọ wa lè mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n wó gbogbo rẹ̀, ta ni ì bá rántí?

Iṣẹ́ ilé lè yí padà, nígbà náà. Ní Róòmù, ilé òrìṣà Pantheon di ilé Ọlọ́run láti bí 609, ó sì wà bẹ́ẹ̀ títí di òní. Ohun tí a gbọ́dọ̀ bi ara wa ni pé irú iṣẹ́ wo ni a ń gbé lé ilé lọ́wọ́, ta sì ni ó láṣẹ láti gbé e lé e.

Ìwé Òfin Ìjọ ti 1983 dáhùn ní ẹsẹ 1222. Bí ilé Ọlọ́run kò bá wúlò fún ìsìn mọ́ rárá, tí kò sì sí ọ̀nà láti tún un ṣe, Bíṣọ́ọ̀bù lè fi í sílẹ̀ fún ìlò ayé, ṣùgbọ́n ìlò náà kò gbọdọ̀ ní ẹ̀gàn nínú. Bí ó bá jẹ́ ìdí mìíràn tó wúwo, Bíṣọ́ọ̀bù yóò kọ́kọ́ gbọ́ ti ìgbìmọ̀ àwọn Fadá, àwọn tí ó ní ẹ̀tọ́ lórí ilé náà yóò fọwọ́ sí i, ọkàn àwọn onígbàgbọ́ kò sì gbọdọ̀ tipa bẹ́ẹ̀ pàdánù. Ẹsẹ 1238 fi kún un pé bí ilé tilẹ̀ di ti ìlò ayé, pẹpẹ kò pàdánù ìyàsímímọ́ rẹ̀. Ẹ kò lè sọ ọ́ di tábìlì ọjà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2018, ìpàdé kan jókòó ní Róòmù lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Wọ́n gba Ìjọ níyànjú pé kí irú ilé bẹ́ẹ̀ máa ṣe iṣẹ́ ẹ̀kọ́, ìṣẹ̀ǹbáyé tàbí ìrànlọ́wọ́ aláìní, kí ó má ṣe bọ́ sọ́wọ́ àwọn tí ń wá èrè nìkan.

Nítorí náà, kì í ṣe oníṣòwò, kì í ṣe ìgbìmọ̀ abúlé, kì í sì í ṣe katekísì ni yóò pinnu. Ẹ tọ Fadá yín lọ, kí Fadá gbé e dé ọ̀dọ̀ Bíṣọ́ọ̀bù ní Àjàṣẹ́. A mọ̀ pé owó ṣòroó rí, a sì mọ̀ pé owó háyà náà ì bá ra páànù. Ṣùgbọ́n kpayo lè gbiná lọ́jọ́ kan, kí ó jó ti àtijọ́ àti ti tuntun pọ̀. Àbá tí àwa mú wá ni pé kí a bo òrùlé rẹ̀, kí ó di iyàrá katekísì àti ibi tí àwọn opó lè máa pàdé. Kí a sì kọ orúkọ àwọn tí ó mọ ọ́n sílẹ̀, nígbà tí àwọn àgbà tí ó rántí wọn ṣì wà láàyè.

Lọ́sẹ̀ kejì, a dá ọmọ náà lóhùn pé: "Ọlọ́run kò kó jáde. Àwa ni kí á má ṣe lé e." Bíṣọ́ọ̀bù kò tíì sọ̀rọ̀, a sì ń dúró.

Ìbéèrè fún ìdílé: Níbo ni wọ́n ti ṣe ìrìbọmi fún bàbá àgbà àti ìyá àgbà yín? Ta ni ó kọ́ ilé náà? Ibo ni pẹpẹ rẹ̀ wà lónìí? Ẹ bi wọ́n lálẹ́ òní, kí ọmọ tí ó mọ̀wé kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀.

Kí Olúwa tí a fi àwọn ilé wọ̀nyí fún máa gbé inú ilé tiwa náà. Àmín.