Ẹ Má Da Oògùn Sí Adágún Ẹja

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, èmi kò fara mọ́ ọn pé oògùn ni kí àwa tí ń sin ẹja epìyà ní Ìpara máa fi pa ewéko kéékèèké tí ń sọ omi adágún di àwọ̀ ewé. Bí kò bá pọ̀ jù, ó wúlò. Epìyà ń jẹ ẹ́. Àjẹkù oúnjẹ àti ìgbẹ́ ẹja ni ajílẹ̀ rẹ̀. Bí oògùn bá pa á lẹ́ẹ̀kan náà, jíjẹrà rẹ̀ yóò gba afẹ́fẹ́ inú omi, ẹja yóò sì kú. Owó wọgbó nìyẹn. Àwọn tí ń sin iyùn òkun nínú àpótí gíláàsì lókè òkun pàápàá ń ṣọ́ oúnjẹ lò. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ẹ dín oúnjẹ kù, ẹ máa pààrọ̀ díẹ̀ nínú omi. Ẹ fi èyí tí ẹ bá gbọ́n jáde bu ẹ̀fọ́ yín.