Dídúró De Processor Tuntun Kì Í Ṣe Ọ̀fẹ́

Sí Olóòtú,

Àpilẹ̀kọ yín tó ní kí ẹnikẹ́ni má tíì to kọ̀ǹpútà báyìí, kó dúró de processor tó ń bọ̀, gbà pé tuntun gbọ́dọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Core 10 ló wà nínú i9-10900K tí Intel gbé jáde ní 2020. 8 péré ló wà nínú i9-11900K tó rọ́pò rẹ̀ ní 2021. Nígbà tí i5-14600K dé ní oṣù kẹwàá 2023, core 14 tí 13600K ti ní lọ́dún tó ṣáájú náà ló ní, eré wọn kò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ sí í dúró dè é ní Nàìjíríà láti oṣù karùn-ún ọdún náà tiẹ̀ tún jìyà: oṣù kẹfà ni wọ́n tú náírà sílẹ̀ sọ́jà, dọ́là la sì fi ń kó irú ọjà yìí wọlé.

Ẹ lè ní bí tuntun bá dé, owó ti àtijọ́ á já wálẹ̀. Ó máa ń ṣẹlẹ̀. Bó bá ku ọ̀sẹ̀ mélòó kan péré, èmi náà á ní kí a dúró. Àmọ́ ẹ gbàgbé bọ́ọ̀dù tí processor ń jókòó lé: bó bá lè gba èyí tó ń bọ̀, kò sídìí láti dúró. AMD jẹ́ kí processor 5800X3D ọdún 2022 ṣiṣẹ́ lórí ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù AM4 tó ti wà láti 2017, bí a bá ṣáà ti sọ BIOS rẹ̀ di tuntun. Ẹni tó yan irú bọ́ọ̀dù bẹ́ẹ̀ to ẹ̀rọ rẹ̀, ó fi ṣiṣẹ́ fún ọdún márùn-ún, processor nìkan ló sì pààrọ̀.

Òǹkàwé yín kan,
Ìbàdàn