Ẹ Má Ta Ilé Omi

Ẹ̀yin ará Kútọnu, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Agla, Vossa, Fifadji àti Mènontin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fetí sí mi. Ọ̀rọ̀ àwọn kòtò ńlá tí ìjọba gbẹ́ sáàárín àdúgbò wa ni mo mú wá. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi inú wọn á fà, etí wọn á gbẹ, ojú ẹlòmíràn á sì wọ̀ ọ́ bí ẹni pé ilẹ̀ tó ṣófo ni. Ilẹ̀ yẹn kò ṣófo. Òjò ló ń dúró dè.

Ẹ wo ibi tí ìlú wa jókòó sí. Òkun wà lápá kan, ọ̀sà Nokoué wà lápá kejì, yanrìn pẹrẹsẹ ló wà láàárín. Omi abẹ́ ilẹ̀ kò jìnnà rárá. Bí òjò oṣù Kẹfà bá rọ̀ léraléra, ilẹ̀ á yó, kànga á kún dẹ́nu, ṣáláńgá á máa dà síta, àrùn onígbáméjì á sì rọ́nà wọlé. Bí a bá ń rò pé ó ti tán, odò Ouémé á tún gbé omi apá òkè ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ wá láàárín oṣù Kẹsàn-án sí oṣù Kọkànlá. Ọ̀sà á wú, omi á wọ yàrá àwọn ará Vossa àti Ladji, ì báà má sí òjò lójú ọ̀run Kútọnu lọ́jọ́ náà.

Ìjà àwa àti omi ti pẹ́. Ní 1885, àwọn Faransé la ojú omi láti ọ̀sà sí òkun nítorí àkúnya. Ní 2010, omi ba nǹkan jẹ́ ní 55 nínú ìjọba ìbílẹ̀ 77 tó wà nílẹ̀ yìí. Ó kan nǹkan bí 680,000 ènìyàn, èèyàn 46 sì kú.

Lábẹ́ ètò ìdarí omi òjò Kútọnu tí wọ́n ń pè ní PAPC, èyí tí wọ́n fi gbẹ́ àwọn kòtò wọ̀nyí, Báǹkì Àgbáyé nìkan fọwọ́ sí 100 mílíọ̀nù dọ́là ní 2019, àwọn báǹkì mìíràn sì dá tiwọn lé e. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ló jẹ́ owó yíyá. Nítorí pé ilẹ̀ wa kò dagẹ̀rẹ̀, omi kò lè sáré dé òkun. Ó gbọ́dọ̀ ríbi dúró ná. Iṣẹ́ kòtò nìyẹn: kó gba òjò ńlá sínú, kó máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ sínú ojú àgbàrá.

A sì mọ bí wọ́n ṣe ń ba irú ibẹ̀ jẹ́. Ẹnìkan á ra ilẹ̀ àbàtà ní owó pọ́ọ́kú, á ní kí àwọn ọlọ́mọlanke máa da pàǹtírí sí i: ọ̀rá, àkísà, èèpo ẹ̀gẹ́, bàtà tó ti já. Á da yanrìn lé e, á kọ́lé. Bí òjò bá dé, ilé tirẹ̀ á gbẹ, omi á ya bá ẹni tó wà lẹ́yìnkùlé. Ìyẹn náà á wá pàǹtírí tirẹ̀. Òjò ò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji bá rí ni eji ń pa.

Àwọn ará Ìbàdàn ti fojú rí i. Wọ́n kọ́lé sétí odò Ògùnpa, wọ́n ń da ìdọ̀tí sínú rẹ̀. Ní 31 oṣù Kẹjọ 1980, odò náà gba ọ̀nà rẹ̀ padà, ó sì pa èèyàn tó lé ní 100.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá fi ilẹ̀ etí kòtò lọ̀ yín, ẹ má rà á. Bí ẹ bá rí ọmọlanke tó ń da pàǹtírí síbẹ̀, ẹ lọ sọ fún olórí àdúgbò lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ kó ìdọ̀tí yín fún àwọn SGDS, ilé-iṣẹ́ tó ń kó ìdọ̀tí ìlú. Ọ̀rá omi kan ṣoṣo kò tó nǹkan lójú, ṣùgbọ́n òun ló ń lẹ̀ mọ́ irin ẹnu gọ́tà tí omi fi ń yí padà sójú títì. Ẹ má fi sìmẹ́ńtì bo gbogbo àgbàlá yín. Ẹ jẹ́ kí yanrìn díẹ̀ rí òjò mu.

Ẹ̀yin aṣojú wa, ẹ kọ àwọn kòtò wọ̀nyí sínú ìwé ilẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má lè tà wọ́n, kí ẹ sì kó yanrìn inú gọ́tà kí oṣù Kẹrin tó wọlé. Ẹ̀yin aráàlú, ẹ bá wa máa béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ wọn láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn.